Bí a ṣe ń mọ agbo ilé ẹ̀dá oní-sẹ́ẹ̀lì-kan tó wà nínú omi adágún

Kí àwọn ọmọ kíláàsì mi tó fojú kan máíkrósíkóòpù, mo máa ń gba pẹ́ńsù aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á máa kùn: "Sà, kí la máa fi ya Euglena báyìí?" Ẹ̀dá oní-sẹ́ẹ̀lì-kan aláwọ̀ ewé ni Euglena. Màá ní kí wọ́n fi pẹ́ńsù dúdú yà á. Bí ọmọ bá ti fi àwọ̀ ewé kun nǹkan, ọkàn rẹ̀ ti sọ fún un pé ewéko ni, kò sì ní wo ohun mìíràn lára rẹ̀ mọ́. Nínú omi adágún, àwọ̀ ló ń tan èèyàn jẹ jù.

Ẹni tó ní máíkrósíkóòpù ilé-ìwé, èyí tó ní lẹ́ńsì 4, 10 àti 40, tàbí tó lè yá ọ̀kan lò, ni mo kọ eléyìí fún. Foldscope náà á ṣe díẹ̀ níbẹ̀, èyí tí Manu Prakash àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford fi páálí ṣe. Ó lè sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 140. Wàhálà rẹ̀ ni pé bí ọwọ́ bá gbọ̀n díẹ̀, ohun tí ẹ ń wò ti sá lọ. A ò wá orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú omi o. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tán. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí ẹ lè wo nǹkan bíńtín kan tó ń sáré kiri, kí ẹ sì sọ agbo ilé tó ti jáde wá.

Ọ̀rọ̀ agbo ilé ná

Antonie van Leeuwenhoek, oníṣòwò aṣọ kan nílùú Delft ní Netherlands, ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí irú àwọn ẹ̀dá yìí nínú omi adágún, lọ́dún 1674. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí ilé méjì péré ni àwọn onímọ̀ ń kó ohun abẹ̀mí sí: ewéko àti ẹranko. Èyí tó bá dúró sójú kan, tó sì ní àwọ̀ ewé, ewéko ni. Èyí tó bá ń sáré, ẹranko ni. Èyí tó bá ń sáré tó tún ní àwọ̀ ewé, ilé méjèèjì á máa fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ní 1866, Ernst Haeckel ní Jámánì kọ́ ilé kẹta fún wọn, ó pè é ní Protista. Robert Whittaker náà fún wọn ní àyè tiwọn nígbà tó pín ohun abẹ̀mí sí ìjọba márùn-ún ní 1969. Ìjọba márùn-ún yẹn ló ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé Báyọ́lọ́jì tí àwọn ọmọ wa ń kà, bó bá sì jẹ́ ìdánwò lẹ fẹ́ kọ, ohun tó wà nínú ìwé yín ni kí ẹ kọ, ẹ má bá olùmákì jà.

Àmọ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka DNA wọn, ìwé ìdílé tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, àṣírí tú. Protist kì í ṣe ìdílé kan. Bí ẹ bá kó ẹranko, ewéko àti olú kúrò láàárín gbogbo ohun abẹ̀mí tí sẹ́ẹ̀lì wọn ní núkílíọ́sì (àpò tí DNA wà nínú rẹ̀), ìyókù ni wọ́n ń pè ní protist. Bí èrò ọjà ni wọ́n rí: ẹ lè bá gbogbo wọn níbì kan náà, ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú ti wá. Nínú ìgò omi kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá ọmọ agbo ilé Alveolata, Stramenopila, Archaeplastida, Amoebozoa àti Euglenozoa. Ẹ má wulẹ̀ há orúkọ yẹn sórí. Ẹ máa mọ̀ wọ́n bí wọ́n bá ṣe ń kọjá lójú yín.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ bu omi níbi tó dọ̀tí

Omi tó mọ́ gaara láàárín adágún kì í ní nǹkan púpọ̀. Etí ni kí ẹ lọ. Ìgò mẹ́ta ni mo máa ń lò: ọ̀kan fún omi tí mo fún jáde lára ewé tó léfòó, ọ̀kan fún ewé jíjẹrà láti ìsàlẹ̀, ọ̀kan fún ohun tó ń yọ̀ bọ̀rọ́, tó pọ́n bí ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti rọ̀, tí mo fi ṣíbí ha lára òkúta. Adágún ẹja, ọ̀gọ̀dọ̀ ẹ̀yìnkùlé, àní omi òjò tó dúró sínú táyà àtijọ́ pàápàá dára.

Ẹ má fi ẹsẹ̀ lásán wọ inú rẹ̀. Ìgbín kéékèèké tó ń gbé inú omi tó dúró ló ń gba kòkòrò àtọ̀sí ajá lálejò, kòkòrò náà sì lè gba awọ ara wọlé láìsí egbò kankan níbẹ̀. Ẹ wọ bàtà rọ́bà, kí ẹ so ife mọ́ orí ọ̀pá gígùn. Ẹ má sì jẹ́ kí omi náà wọ imú yín. Àmíbà kan wà tó ń jẹ́ Naegleria fowleri, inú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló fẹ́ràn, imú ló sì máa ń gbà dé ọpọlọ. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú kì í sábà yè é.

Ìdajì ìgò ni kí ẹ bu, kí atẹ́gùn lè wà lókè rẹ̀. Mo ti bu omi kún ìgò dé ẹnu rí, mo dé e pa, mo jù ú sẹ́yìn ọkọ̀, mo sì lọ jókòó sí ìpàdé àwọn òbí lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí mo ṣí i ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti kú, òórùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nílé.

Ìgbésẹ̀ 2: Bí wọn ò bá pọ̀, ẹ bọ́ wọn

Ẹ se hóró ìrẹsì bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ jù ú sínú ọ̀kan nínú àwọn ìgò náà, kí ẹ má dé e pa. Ẹ gbé e sí ibi òjìji. Bakitéríà á pọ̀ lórí ìrẹsì yẹn, àwọn tó ń jẹ bakitéríà náà á sì pọ̀ tẹ̀ lé e. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan, omi náà á máa hó fún Paramecium, oní-sẹ́ẹ̀lì-kan tí irun wínníwínní bo ara rẹ̀. Koríko gbígbẹ tí ẹ bọ̀ náà á ṣe é. Ẹ fi ìgò kejì sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ti ń kàn án, fún àwọn tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ gbé e sórí gíláàsì, kí ẹ dín iná kù

Ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi dírọ́pà fà, ẹ̀kán kan péré. Ẹ ya fọ́nrán òwú mélòó kan sórí gíláàsì kí ẹ tó kán omi sí i, kí ẹ wá fi gíláàsì kékeré bò ó. Òwú yẹn á dà bí ọgbà fún wọn. Ẹni tó ń sáré á kọlu ú, á sì dúró díẹ̀ kí ẹ rójú rí i. Mo ti gbìyànjú omi ilá rí, torí ó ń fà. Lóòótọ́ ó dá wọn dúró, àmọ́ èérún ilá kún ojú gíláàsì débi pé a ò mọ ẹ̀dá abẹ̀mí yàtọ̀ sí ọbẹ̀.

Lẹ́ńsì 4 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ níbí ni iná tó pọ̀ jù. Ara àwọn ẹ̀dá yìí mọ́ bíi gíláàsì. Bí iná bá tàn gbòò, ó gba àárín wọn kọjá ni, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan. Lábẹ́ pèpéle tí gíláàsì dúró lé, ọwọ́ kékeré kan wà tó ń ṣí ihò iná, tó sì ń pa á dé. Ẹ pa á dé díẹ̀díẹ̀ títí etí àwọn nǹkan á fi ṣú. Ìgbà yẹn ni irun ara wọn máa hàn. Ọmọ kan nínú kíláàsì mi kígbe lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é, ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn tan iná, èmi sì ní rárá, ìgbà tó pa á ni.

Ìgbésẹ̀ 4: Ṣé oní-sẹ́ẹ̀lì-kan ni lóòótọ́?

Ẹ má wo títóbi. Rotifer kéékèèké máa ń wà nínú omi yìí, ohun méjì bí àgbá kẹ̀kẹ́ á máa yí lórí rẹ̀. Bí ẹ bá wo àyà rẹ̀, ẹ máa rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń lọ nǹkan. Ẹranko ni, bíi 1,000 sẹ́ẹ̀lì ló wà lára rẹ̀, síbẹ̀ Stentor tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lè tóbi jù ú lọ fíìfíì. Ohunkóhun tó bá ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìfun tàbí ẹyin nínú, ẹ fi í sílẹ̀. Okùn aláwọ̀ búlúù mọ́ ewé tí kò ní núkílíọ́sì náà, bakitéríà ni, kò sí nínú ọ̀rọ̀ wa.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wọ̀n ọ́n

Ẹ wo ara ojú gíláàsì tí ẹ ń fi ojú sí. Bí wọ́n bá kọ 18 sí i, ẹ fi iye lẹ́ńsì ìsàlẹ̀ pín 18. Fún lẹ́ńsì 4, òbìrí tí ẹ ń rí fẹ̀ tó mìlímítà 4.5; fún lẹ́ńsì 10, ó jẹ́ 1.8, fún lẹ́ńsì 40, ó jẹ́ 0.45. Bí wọn ò bá kọ nǹkan kan, ẹ gbé rúlà oníke sábẹ́ lẹ́ńsì 4 kí ẹ ka mìlímítà tó wà níbẹ̀. Nǹkan tó bá gba ìdajì òbìrí lábẹ́ lẹ́ńsì 40 gùn tó mìlímítà 0.2 lé díẹ̀, ìwọ̀n Paramecium caudatum sì nìyẹn. Euglena tó wọ́pọ̀ á tó bíi mẹ́sàn-án kí ó tó ti etí kan dé èkejì. Chlamydomonas, ewé-omi oní-sẹ́ẹ̀lì-kan, á lé ní ogójì.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wo bó ṣe ń rìn

Ibí ni iṣẹ́ wà. Odindi ìṣẹ́jú méjì ni kí ẹ fi wo ó láìdárúkọ kankan.

Bó bá ń lọ geerege, tó ń yí ara rẹ̀ bó ṣe ń lọ, tó kọlu nǹkan, tó fà sẹ́yìn bí ọkọ̀ tó wọ ilé onílé, tó wá ya ibòmíràn, onírun ni. Irun wínníwínní tó bo ara rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ náà. Ẹ wo inú Paramecium dáadáa, ẹ máa rí àpò omi méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, tí ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ yí ká bí ìràwọ̀. Àpò yìí á wú, á sì sún kì lójijì. Omi tó ń wọlé láìdúró ni wọ́n ń gbọ́n síta. Àmì tó jinlẹ̀ jù fún gbogbo onírun ni pé oríṣi núkílíọ́sì méjì ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì wọn, ńlá àti kékeré, àmọ́ ẹ ò ní rí kékeré yẹn láìkun àrò sí i.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni Vorticella. Ẹ wá a lára gbòǹgbò ewé omi jíjẹrà. Ó dà bí agogo kékeré lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, irun yí ẹnu agogo náà ká, wọ́n ń jù yí po débi pé èérún inú omi á máa rọ́ wọlé bíi pé ihò wà níbẹ̀. Ẹ fi ìka kan tábìlì pẹ́rẹ́. Kíá, ọ̀pá náà á ká jọ bí irin sípíríńgì, agogo á pa ẹnu dé, á di róbótó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, ọ̀pá á bẹ̀rẹ̀ sí í nà padà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbín tó ń yọjú lẹ́yìn òjò. Mo ti rí ọmọ tó kan tábìlì ní ogún ìgbà, tí kò yà nǹkan kan sínú ìwé.

Onírun kan tún wà tó máa ń tan èèyàn jẹ: Paramecium bursaria. Ó tutù bí ewé ẹ̀fọ́. Àwọ̀ yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn ewé-omi kéékèèké tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ló gbà sínú ara rẹ̀, wọ́n ń ṣe oúnjẹ fún un, òun náà ń dáàbò bò wọ́n. Ẹni tó fi àwọ̀ ṣe ìpín á gbé e lọ sílé àwọn ewéko. Ìrìn rẹ̀ àti irun rẹ̀ ló ń jẹ́rìí pé Alveolata ni ilé bàbá rẹ̀.

Bó bá ń fò fìrì, tó ń gbọ̀n, tàbí tó dà bíi pé okùn kan ń fà á láti iwájú, onípàṣán ni. Pàṣán gígùn kan tàbí méjì ló ń jù. Ẹ ṣọ́ra, torí pàṣán kì í ṣe àmì ìdílé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo agbo ilé ló ní i, bí gbogbo ìlú ṣe ní alágbẹ̀dẹ.

Ẹ jẹ́ ká gbé Euglena àti Chlamydomonas kalẹ̀. Àwọn méjèèjì ní àwọ̀ ewé, wọ́n ń sáré, wọ́n sì ní ojú pupa kékeré kan tí wọ́n fi ń mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹni tó bá wò gààràgà á ní ọmọ ìyá ni wọ́n. Chlamydomonas kéré, ó rí róbótó bí ẹyin, pàṣán rẹ̀ méjì gùn dọ́gba, ó sì ń fi wọ́n wẹ̀ bí ẹni tó ń fi ọwọ́ méjèèjì lúwẹ̀ẹ́. Euglena gùn, pàṣán kan ṣoṣo lẹ máa rí níwájú rẹ̀. Bí gíláàsì bá há a mọ́, á máa wú níbì kan, á máa fún níbòmíràn, bí ìdin tó ń gba ojú ihò kékeré kọjá. Chlamydomonas ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí ògiri líle yí ara rẹ̀ ká.

Bí ọkàn yín ò bá tíì balẹ̀, ẹ ra áyódínì ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì. Ẹ kán an sí etí kan gíláàsì kékeré, ẹ fi tíṣù kan etí kejì, tíṣù á fa omi, áyódínì á sì tẹ̀ lé e wọlé. Àwọn ẹ̀dá náà á kú, pàṣán wọn á sì hàn kedere. Nínú Chlamydomonas, ojú kan á dúdú bí aró, torí irú síítáàṣì tó wà nínú iṣu àti gbágùúdá ló ń tọ́jú pamọ́. Euglena ò ní dúdú bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tó ń tọ́jú yàtọ̀, paramylon ni wọ́n ń pè é, áyódínì ò sì rí i mú.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé Chlamydomonas wá láti Archaeplastida, agbo ilé tí àgbàdo àti ìrókò ti wá. Euglenozoa ni Euglena ní tirẹ̀, agbo ilé kan náà pẹ̀lú trypanosome tí eṣinṣin tsetse fi ń kó àrùn oorun-sísun ran èèyàn. Baba ńlá Euglena ló gbé ewé-omi kan mì láyé àtijọ́, tí kò dà á nù. Ibẹ̀ ni àwọ̀ ewé náà ti wá. Bí ẹ bá fẹ́ rí i bí ìdílé náà ṣe rí láìsí aṣọ àyálò yìí, ẹ wá Peranema láàárín ìdọ̀tí ìsàlẹ̀. Kò ní àwọ̀ rárá, jíjẹ ló ń jẹ ẹlòmíràn. Pàṣán rẹ̀ le gbọnrangandan níwájú bí ọ̀pá afọ́jú, orí rẹ̀ nìkan ló ń mì.

Bí onípàṣán yín bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó ń yí bí òkòtó, tí kòtò kan sì yí ìbàdí rẹ̀ ká bíi bẹ́líìtì, dinoflagellate ni. Ceratium máa ń hù ìwo gígùn. Alveolata ni àwọn náà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n pẹ̀lú àwọn onírun, àti Plasmodium tó ń fa ibà. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni àwọn àpò pẹlẹbẹ tó tò sábẹ́ awọ sẹ́ẹ̀lì wọn. Máíkrósíkóòpù ilé-ìwé ò lè fi hàn yín.

Èyí tó ń ṣàn kiri, tí kò ní ìrísí kan pàtó, tó ń yọ ẹsẹ̀ àyédèrú, ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n: àmíbà, Amoebozoa. Ẹ má retí pé kó máa sáré. Arcella fi ìkarahun róbótó aláwọ̀ ilẹ̀ bo ara rẹ̀, ihò wà láàárín bíi ti dónọ́ọ̀tì. Difflugia ṣa yanrìn jọ, ó fi kọ́ ilé ara rẹ̀. Àmọ́ bí ohun tí ẹ rí bá rí róbótó, tí abẹ́rẹ́ tó nà tààrà yọ káàkiri ara rẹ̀ bí ìtànṣán oòrùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Actinophrys. Abẹ́rẹ́ yẹn náà jẹ́ ẹsẹ̀ àyédèrú, ṣùgbọ́n Stramenopila ni tirẹ̀, kò bá àmíbà tan.

Ó ku àwọn tí kì í fẹ́ẹ̀ mira. Diatom wọ́pọ̀ nínú ìgò tí ẹ ha lára òkúta: àwọ̀ wúrà mọ́ ilẹ̀, ara gíláàsì gidi, ìdérí méjì tó wọnú ara wọn bí agolo sìgá àtijọ́. Èyí tó rí bí ọkọ̀ ojú omi lè máa yọ́ lọ síwá sẹ́yìn. Èyí tó rí róbótó kì í yọ́. Ẹ jẹ́ kí omi gbẹ lórí gíláàsì kan kí ẹ tún wò ó, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ ara ìkarahun rẹ̀ á hàn. Stramenopila ni. Bó bá ní àwọ̀ ewé, tó tẹ̀ bí oṣù tuntun, tí àwọn èérún kan ń jó nínú àpò ìkángun rẹ̀ méjèèjì, Closterium ni, ará Archaeplastida, ó sì bá àwọn ewéko orí ilẹ̀ tan ju bó ṣe bá Chlamydomonas tan lọ.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, àwọ̀ gbẹ̀yìn

Bí ìwé mi ṣe máa ń rí nìyí: "Ọjọ́ kẹta, ìgò ìrẹsì. Mìlímítà 0.2. Ó ń yí bó ṣe ń lọ, ó kọlu òwú, ó fà sẹ́yìn, ó ya ọ̀tún. Irun kúkúrú yí ara rẹ̀ po. Àpò omi méjì, tiwájú ń sún kì ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá. Kò ní àwọ̀. Paramecium sp., onírun, Alveolata."

Ẹ kíyè sí "sp." yẹn. Ó túmọ̀ sí pé mo mọ orúkọ ìdílé, mi ò lè búra nípa orúkọ àbísọ. Ẹ má tijú láti dúró síbẹ̀. Bó bá jẹ́ "onípàṣán, kò ní àwọ̀, mi ò rí i mú" nìkan lẹ rí kọ, ó sàn ju orúkọ tí ẹ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ wá fi ipá wọ̀ fún un. Ẹ gbé kámẹ́rà fóònù lé ojú gíláàsì òkè, kí ẹ ya fídíò. Fọ́tò kì í fi ìrìn hàn. Lẹ́yìn tí gbogbo ìlà yòókù bá ti kún ni mo máa ń dá pẹ́ńsù aláwọ̀ ewé padà fún oníkálukú.

Omi tó bá ṣẹ́ kù, ibi tí ẹ ti bù ú ni kí ẹ dà á padà sí, ẹ má gbé e lọ sínú adágún ẹlòmíràn. Èyí tí ẹ ti kán áyódínì sí, inú kòtò ìdaminù ló ń lọ. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ìgò ìrẹsì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, torí àwọn tó máa wá jẹ Paramecium yín ṣì ń bọ̀ lọ́nà.